Ààrò Irin Ilé Míṣọ́n ní Ìlerò

Àwọn àgbà a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òwe yìí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀, nítorí pé òkúta mẹ́ta tàbí amọ̀ mẹ́ta ni ìyá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa fi ń gbé ìkòkò ka iná. Ṣùgbọ́n ààrò tí àwa fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú ìwé yìí kì í ṣe ti òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti amọ̀. Irin ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó ní, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́fà ni ó gbé e, tí gbogbo wọn sì ń mí hẹlẹ. A bá a ní Ìlerò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ pátápátá, a sì tún un ṣe. Bí a ti ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà. Nítorí náà àwa kò ní fi í pamọ́ fún yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wa ni.

Ìlerò jẹ́ ìlú kan ní Òkè-Ògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, tí Òkèhò jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Igi ẹmi, tí a ń rí òrí nínú èso rẹ̀, àti igi àyìn, tí èédú rẹ̀ le tí ó sì pẹ́ nínú iná, dúró káàkiri láàrin koríko. Ògán pupa sì yọrí sókè níhìn-ín àti lọ́hùn-ún bí ahéré tí kò ní òrùlé. Àwa mẹ́ta ni a rán lọ síbẹ̀ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò fún sáà kan. Inú yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé míṣọ́n àtijọ́ ni a fi wá wọ̀ sí. Lẹ́yìn ilé náà ni ilé ìdáná kan wà tí apá kan òrùlé rẹ̀ ti wó, nínú rẹ̀ ni ààrò náà sì wà, lábẹ́ àwọn páànù tí ó ti lu àti àwọn ìjókòó tí ó ti kán. Adìẹ ti sọ ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì nínú rẹ̀ di ilé. Ìpẹtà sì ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dàbí ẹni pé a fi osùn kùn ún.

Nígbà tí a dé, àwọn àgbà ìjọ ti parí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tí ń ra irin àlòkù, tí wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n kiri nínú ọkọ̀, ti dá owó sí i, wọ́n sì ti wí pé àwọn yóò padà wá gbé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn sí i, èyí ni ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin ni wọ́n fi í sí ilé náà láti máa ran àwọn tí ń se oúnjẹ lọ́wọ́, ìdí ààrò yìí ni ó sì ti kọ́ búrẹ́dì ṣíṣe, iṣẹ́ tí ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Ó wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ìwé yín kò lè rí nǹkan sọ nípa ààrò yìí kí wọ́n tó gbé e lọ?" Àánú rẹ̀ ṣe wá. A lọ bá àwọn àgbà ìjọ, a sì bẹ̀ wọ́n pé bí a bá lè mú kí ààrò náà gba iná kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, kí wọ́n má ṣe tà á mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà fún wa.

Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ fún wa ní ìmọ̀ràn. Ilẹ̀kùn ibi tí a ń ki igi sí ti lẹ̀ mọ́ ara ààrò, kò ṣí, kò sì mì. Ó ní kí a da epo kẹrosíìnì sí ìsokọ́ ilẹ̀kùn náà ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí kò bá ṣí, ẹ tún bù ú sí i. Ẹ má ṣe kánjú fọwọ́ kan án." Àwa sì gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, gbígbọ́ etí lásán ni. Ẹni tí ó ti ka ìwé púpọ̀ a máa rò pé ìmọ̀ràn arúgbó kò ju kí ó máa fi àkókò ṣòfò lọ. Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọ̀kan nínú wa mú òòlù. Àwa méjì yòókù kò dá a dúró. Àwa ni a tilẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí yóò lù. Nítorí náà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a jùmọ̀ ṣe é.

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kíní, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dún. Kò dún gooro bí ọkọ́ tàbí àdá ti í dún; ó dún kà lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí àwo bá bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì là sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá kan bọ́ sílẹ̀ sórí eérú. Ìkejì kò kúrò lójú ibi tí ó wà.

Ìyá Àgbà gbọ́ ìró náà láti ojúde rẹ̀. Ó wá, ó wo ilẹ̀, kò sì bá wa wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú apá tí ó bọ́ sílẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ún, ó sì gbé e fún wa. Ìbá sàn fún wa bí ó bá ṣe pé ó bú wa. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wá, ó wo ilẹ̀kùn náà, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú ara rẹ̀, kí a jẹ́ kí àwọn tí ń ra irin máa gbé e lọ. A dọ̀bálẹ̀ fún un, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi wá sílẹ̀ títí ọjọ́ tí a dá yóò fi pé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a gbé awẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì lọ sí ilé àrọ. A kí bàbá alágbẹ̀dẹ pé, "Àrọ yè o!", a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa fi iná so wọ́n pọ̀, bí a ti rí i tí ó ń so ọkọ́ tí ó kán. Bàbá náà kò sún mọ́ iná rárá. Ó gbé awẹ́ kan lọ sí ìmọ́lẹ̀, ó sì wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́.

Ó ní, "Ẹ wò ó. Ojú rẹ̀ rí eérú-eérú, ó sì rí kóró-kóró bí iyọ̀. Irin tí èmi ń lò kì í ṣẹ́ báyìí. Bí ó bá fẹ́ já, yóò kọ́kọ́ fà, yóò sì tẹ̀. Èyí kò mọ títẹ̀. Bí mo bá tì í sínú iná tí mo sì gbé ọmọ owú lé e lórí, awẹ́ méjì yóò di ogún. Ta ni ó sọ fún yín pé gbogbo irin ni ó ń gbọ́ èdè òòlù?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A padà sílé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, èyí ni láti mọ ohun tí ó wà níwájú wa kí a tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí a rí nínú ìwé àti lẹ́nu bàbá alágbẹ̀dẹ ni a fẹ́ sọ ní ṣókí.

Oríṣi irin méjì ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí. A lè pe èkíní ní irin lílù, kí a sì pe èkejì ní irin dídà. Irin lílù ni àwọn baba wa mọ̀ jù. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ti ń sun irin ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ola-Igbi. Ìléru amọ̀ ni wọ́n fi ń sun ún, èédú sì ni iná rẹ̀. Nínú irú ìléru bẹ́ẹ̀ irin kì í yọ́ di omi. A máa di ògúlùtu tí ó rí bí kànìnkànìn, tí ìdàrọ́ sì kún inú ihò rẹ̀. Òòlù ni a fi ń lu ìdàrọ́ náà jáde, bí a sì ti ń lù ú ni irin náà ń dára sí i. Irin tí òòlù bí ni. Kò yani lẹ́nu pé ó fẹ́ràn òòlù.

Irin dídà kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí kò lábùlà kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé ìwọ̀n 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n bí ó bá mu kábọ́nù inú èédú tó ìdá 2 sí 4 nínú 100, yóò yọ́ ní nǹkan bí 1,200, a ó sì lè dà á bí ẹní da ọbẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ iṣẹ́ yìí fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1707, Abraham Darby gba ìwé àṣẹ lórí bí a ti ń da ìkòkò irin sínú iyanrìn. Ní ọdún 1709 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú tí a sun láti inú èédú ilẹ̀ yọ́ irin ní Coalbrookdale. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn tí ń da ìkòkò alumíníọ̀mù ń ṣe ní àwọn ìlú wa lónìí: wọn a tẹ ìkòkò àtijọ́ mọ́ inú iyanrìn, wọn a yọ ọ́, wọn a sì da ohun yíyọ́ sí ojú ihò tí ó fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé alumíníọ̀mù a máa yọ́ ní 660, nítorí náà ìléru kékeré tó fún un.

Kábọ́nù tí ó mú kí irin dídà rọrùn láti yọ́, òun náà ni ó mú kí ó rọrùn láti fọ́. Bí irin náà ti ń tutù ni kábọ́nù ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, yóò sì di ewé dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ewé wọ̀nyí ni ó fún ojú ibi tí ó ṣẹ́ ní àwọ̀ eérú tí bàbá alágbẹ̀dẹ fi hàn wá. Irin bẹ́ẹ̀ lè ru ẹrù wúwo, ó lè gba iná fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì lè pa ooru mọ́ nígbà tí iná ti kú. Ṣùgbọ́n kò lè fara da ohun tí ó bá dé bá a lójijì, ìbáà ṣe òòlù, ìbáà ṣe omi tútù nígbà tí ara rẹ̀ gbóná.

Lẹ́yìn èyí ni a bi ààrò náà léèrè orúkọ rẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ojú ilẹ̀kùn tí ó là, lẹ́tà tí a dà pọ̀ mọ́ irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí a fi ka FALKIRK. Ojú ibi tí ilẹ̀kùn là sì gba àárín L àti K kọjá. Falkirk ni ìlú kan ní ilẹ̀ Scotland tí ó lókìkí fún iṣẹ́ dída irin. Nítòsí rẹ̀ ni a dá ilé-iṣẹ́ Carron sílẹ̀ ní ọdún 1759, èyí tí ó dá ìkòkò, ààrò àti ìbọn ńlá ti ojú omi fún ayé títí ó fi wó ní ọdún 1982. Orúkọ ẹni tí ó dá ààrò tiwa kò sí lára rẹ̀ mọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́.

Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tún rí lẹ́tà Rd àti No, tí nọ́ńbà 354 sì tẹ̀ lé e kí ìpẹtà tó jẹ ìyókù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé èyí, nítorí ó lè wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rí irú ohun bẹ́ẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Láti ọdún 1842 títí dé 1883, àmì kan tí ó ní igun mẹ́rin bí dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ń fi sára ohun tí a bá fi àwòṣe rẹ̀ sínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1884 ni wọ́n ti fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ení tí wọ́n sì ń kà á lọ. Nọ́ńbà ti ọdún 1900 bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 351,000, kò sì dé 369,000 kí ọdún náà tó parí. Nítorí náà ọdún 1900 ni a kọ àwòṣe ààrò wa sílẹ̀. Èyí kò wí pé ọdún náà gan-an ni a dà á, nítorí a lè máa lo àwòṣe kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó wí ni pé kò lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a tú u, a rí i pé awẹ́ irin 17 ni a fi bóòtù so pọ̀. Ní inú awẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú kì í tó, ẹnì kan ti fi ayùn rẹ́ ẹ: ìlà kan lára èyí tí yóò pàdé ìlà kan, ìlà méjì lára èyí tí yóò pàdé ìlà méjì. Ìyá Àgbà ni ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó bá nílé náà pé orí ènìyàn ni ààrò náà fi wọ Ìlerò. Ọ̀rọ̀ náà bá ìtàn mu. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn. Kí mọ́tò tó wọ́pọ̀, orí ni ẹrù fi ń ti ibẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Ṣakí. Ẹnì kan kò lè ru ààrò, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́tàdínlógún lè ru awẹ́ 17. Ẹni tí ó fi ayùn rẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò tún un tò, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. A dúró wo àwọn ìlà náà pẹ́ títí. Àwa kò tilẹ̀ fi àpẹẹrẹ kankan sílẹ̀ kí a tó gbé òòlù.

Iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Epo kẹrosíìnì ni a fi rẹ àwọn bóòtù fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta níwájú Ìyá Àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tú pẹ̀lú ọwọ́. Àwọn tí kò tú ni a fi ayùn gé, nítorí bóòtù ṣeé rà, awẹ́ irin kò ṣeé rà. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti iyanrìn gbígbẹ gbo ìpẹtà kúrò. A kò da omi sí i, àfi níbi tí itọ́ adìẹ ti le mọ́ ọn. Ibẹ̀ náà ni a sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó mọ́, a fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á, a sì yá a nínú oòrùn àti lórí ẹyin iná tí kò le. Òróró tí ó bá gbóná bẹ́ẹ̀ a máa gbẹ mọ́ irin lára bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi kì í sì í rí ọ̀nà wọlé. Ìyá Àgbà ní òrí ni wọ́n ń lò ní ìgbà tirẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ààrò bá lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ti ilẹ̀kùn ni ó ṣòro jù. Àwọn tí ń fi iná mànàmáná jó irin pọ̀ ní etí títì, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n ń lò fún géètì kò dára fún irin dídà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí a jó a máa le jù, yóò sì tún là. Ọ̀pá tí a fi níkẹ̀lì ṣe ni ó yẹ ẹ́, a ó sì kọ́kọ́ mú irin náà gbóná, a ó sì bò ó mọ́lẹ̀ nínú eérú kí ó lè tutù díẹ̀díẹ̀. A kò rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ nítòsí. Bàbá alágbẹ̀dẹ ni ó mú ọ̀nà mìíràn wá. Ó lu irin pẹlẹbẹ méjì, ó sì tẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ìtẹ̀kọ́ ilẹ̀kùn náà mu. A fi díríìlì ọlọ́wọ́ lu ihò mẹ́jọ, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìlo òòlù. Níbẹ̀ ni a tún rí àmì mìíràn tí a fi ń mọ irin dídà: ohun tí ń jáde lẹ́nu díríìlì kò ká bí irun, ìyẹ̀fun dúdú ni, ó sì ń kun ọwọ́ ẹni bí èédú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni a de irin pẹlẹbẹ wọ̀nyí mọ́ pẹ̀lú bóòtù, kí orúkọ tí ó wà níwájú má bàa bò. Báyìí ni irin lílù ṣe di ìdè fún irin dídà. Ẹni tí ó bá wò ó láti iwájú yóò rí ojú ibi tí ó là. A kò fi nǹkan kan bò ó.

Ọ̀pá irin tí igi ń jókòó lé nínú ààrò ti jẹ tán. Bàbá náà rọ márùn-ún mìíràn. A po amọ̀ ògán mọ́ eérú kíkù àti iyọ̀ díẹ̀, a sì fi dí gbogbo ojú ibi tí awẹ́ kan ti pàdé èkejì, kí èéfín má bàa gba ibẹ̀ jáde. Páìpù èéfín titun ni a fi páànù ká. Ọjọ́ méjì péré ni ó kù kí àwọn tí ń ra irin padà wá nígbà tí a parí.

Àwa ti kó igi àyìn jọ láti dá iná ńlá, kí àwọn àgbà ìjọ lè rí i. Ìyá Àgbà gba igi náà lọ́wọ́ wa. Ewé gbígbẹ àti ẹ̀ká wẹ́wẹ́ ni ó fi dá iná àkọ́kọ́, kò sì ju èyí tí a fi ń yan àgbàdo kan lọ. Ó jẹ́ kí ó kú. Ó dá òmíràn tí ó tóbi díẹ̀ jù ú lọ, ó sì jẹ́ kí òun náà kú. Ní ọjọ́ kejì ni ó tó fi igi gidi sí i. Irin dídà a máa gbilẹ̀ bí ó bá ń gbóná. Bí apá kan bá gbóná ṣáájú apá kejì, kò lè fà, ńṣe ni yóò là. Ìyá Àgbà kò kà á nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó ti ọwọ́ bọ inú ibi ìyan búrẹ́dì, ó sì ń kà lábẹ́lẹ̀. Ó yọ ọ́, ó ní ó tó. Ó gbé ìyẹ̀fun tí ó ti wú wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Èéfín gba páìpù lọ sókè. Ojú rẹ̀ kò sì pọ́n bí ojú àwọn tí ń fi òkúta mẹ́ta dáná nínú ilé. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kí a má sọ àsọdùn: bí ó bá ṣe kí a kàn se iṣu fún ẹni méjì ni, òkúta mẹ́ta yóò ti parí rẹ̀ kí ààrò irin tó gbóná. Ohun gbogbo ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Búrẹ́dì mẹ́fà ni ó jáde. Apá ọ̀tún ọ̀kan jóná díẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ jẹ ẹ́, wọ́n sì dákẹ́. Èyí tí ó ti ní kí a tà á ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ìkejì. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn tí ń ra irin dé, páànù tí ó lu àti ìjókòó tí ó kán ni wọ́n rí gbé. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin méjì nínú ìjọ wá ń kọ́ búrẹ́dì lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sì kọ ìlà inú awẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé fún ẹni tí yóò tún un tú lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun kan kù tí a fẹ́ sọ. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹta tí a ń kọ́, tí kì í dáhùn bí a bá bi í ní ìbéèrè. Yóò wo ojú wa, yóò sì dákẹ́. A ti pè é ní olórí kunkun, a sì ti pinnu láàrin ara wa pé ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ẹgba ni yóò la ẹnu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ilẹ̀kùn ààrò ṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, kò sí ẹni tí ó lè mú ẹgba nínú wa. A bi ọmọ tí ó jókòó tì í léèrè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́, èdè Fúlàní ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá ni." Láti ọjọ́ tí a ti dé ni a ti wà pẹ̀lú ọmọ náà, a kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí sáà tó parí, ó dúró níwájú kíláàsì, ó sì kà á láti orí ení dé ogún, ohùn rẹ̀ kò sì wárìrì.

Iṣẹ́ tí a ń kọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, iṣẹ́ ìtúnṣe ni. A ó rán wa lọ sí ìlú tí a kò mọ̀, a ó bá ọmọ tí a kò bí, ilẹ̀kùn tí kò ṣí yóò sì pọ̀ níwájú wa. Kí olúkúlùkù wa rántí ìbéèrè bàbá alágbẹ̀dẹ kí ó tó gbé òòlù. Kí a sì wo ẹ̀gbẹ́ wa bóyá ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ó ti mọ ìdí ààrò náà tipẹ́, tí ó kàn ń dúró kí a bi òun léèrè ni.